Ọgbà Tó Gun Ògiri

Ní ọdún tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn mángòrò sílẹ̀, orúkọ Sìlífátù wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú òdòdó ní ọgbà kan ní Òkè-Ìlèwó. Òun ló ń hu ọmọ igi nínú ọ̀rá dúdú títí wọn yóò fi tó gbìn sẹ́bàá ọ̀nà, òun náà ló ń bomi rin òdòdó tí àwọn ọ̀gá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí báǹkì. Nígbà tí akọ̀wé ní kó wá tẹ̀ka, ó bi í pé, "Ta ni yóò máa fún wọn lómi?" Akọ̀wé náà kàn tún ti ìwé náà sún mọ́ ọn. Sìlífátù tẹ̀ka, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé Ìtòkú. Kò sunkún. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà ní ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ni.

Ilé oníṣòwò aṣọ ni ilé ọkọ rẹ̀, ilé Mùsùlùmí tó ti wà ní Ìtòkú látọjọ́mọ́jọ́. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé láti ọdún méje, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Mọ́ṣúdù, ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Àlàájì Ṣéhù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni olórí ilé. Bí Àlàájì bá wúkọ́ nínú yàrá, gbogbo agbo ilé á dákẹ́ kí wọ́n lè mọ ohun tó fẹ́.

Yàrá tó kángun sẹ́yìn pátápátá ni ti Sìlífátù. Ògiri rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa yan ògiri náà, yàrá á sì gbóná débi pé òrí á yọ́ nínú ìgò. Ìwọ̀nba ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ò ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè tẹ́ ẹní ìrun sí lọ. Ibẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa lásán láàárín àpáta, tí ọ̀gbàrá ń bù jẹ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ pupa á ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, á dí gọ́tà, èyí tó bá ṣẹ́kù á wọ́ lọ sọ́nà odò Ògùn. Àwọn ará ilé á gbá ẹrẹ̀ wọn, wọ́n á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Ní ọjọ́ kẹta tí Sìlífátù ti délé, Bùsírátù bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìnkùlé. Bùsírátù ni ìyàwó tí wọ́n gbé kẹ́yìn sínú ilé náà, ọmọ tó yá mọ́ ènìyàn, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

"Ìyáálé mi, kí lẹ ń wò láti àárọ̀?"

"Oko mi ni mò ń wò."

Bùsírátù wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Oko kẹ̀? Èmi ò rí oko o."

"Ilẹ̀ lò ń wò, ìyàwó. Gbé ojú sókè. Wo ògiri."

Bùsírátù wo ògiri, ó tún wo ìyáálé rẹ̀, ó wá ń rò ó lọ́kàn bóyá ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ti kan obìnrin yìí lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akẹ́rù kan já ọparun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Fájẹ́misìn, láti abúlé kan lẹ́bàá Alábàtà, ló kó o wá. Òun ló ti máa ń ta ọ̀pá àti ilẹ̀ dúdú fún ọgbà òdòdó, ó sì ti mọ Sìlífátù ní òṣìṣẹ́ tí kì í fi ohun ọ̀gbìn ṣeré. Nígbà tó gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi ọwọ́ pa ògiri, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pupa tó wà lórí òkè, ó sì mi orí.

"Nílé tiwa, a máa ń kí ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ," ló wí. "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ ò kí i, ẹ ò gbìn ín, ẹ kàn ń fi sìmẹ́ǹtì dé e lẹ́nu. Iyẹ̀pẹ̀ tó ti bá omi lọ níbí yìí tó láti fi kọ ebè odidi oko iṣu."

"Èyí tó kù ni mo fẹ́ dá dúró, Bàbá," ni Sìlífátù dá a lóhùn.

Wọ́n la ọparun sí méjì, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró síbẹ̀. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n wá to àwọn ọparun náà léra wọn bí àkàbà, ipele mẹ́jọ, láti orúnkún ènìyàn títí dé ìsàlẹ̀ òrùlé. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n to òkúta bí àtẹ̀gùn, Sìlífátù sì gbin koríko ọba sí etí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú bí ọwọ́ ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ó gbin ewúro sí àárín wọn. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú ààrò àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n ti máa ń dà sí gọ́tà tẹ́lẹ̀, ló ń kó jọ sínú kòtò kan. Ó ń bò wọ́n, ó ń yí wọn, títí wọ́n fi di ilẹ̀ dúdú tí kò ní òórùn kankan mọ́. Òun ló kó sínú ọparun.

Omi ló kù. Ẹ̀rọ omi Ìtòkú nígbà náà lè yọ lónìí kó má yọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni àwọn ọkùnrin ilé ń ṣe àlùwàlá níwájú ilé, omi náà á sì ṣàn lọ sí gọ́tà. Sìlífátù fi ọparun gígùn kan gba omi náà, ó darí rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tó fi aṣọ dé lẹ́nu. Láti ibẹ̀ ló ti ń pọn ọ́n sí ipele òkè. Ti òkè á mu, á kán sí ti ìsàlẹ̀, títí tí ìkán tó gbẹ̀yìn á fi kan gbúre tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Àwọn kan kùn sí i. Omi àlùwàlá kẹ̀? Sìlífátù bi wọ́n léèrè, "Omi tí a fi wẹ ara fún Ọlọ́run, ṣé inú gọ́tà ló yẹ kó parí sí, àbí ẹnu ohun tí Ọlọ́run dá?" Lọ́jọ́ náà, Àlàájì Ṣéhù fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé opó tí kò níṣẹ́ ò gbọdọ̀ má rí nǹkan fọwọ́ ṣe.

Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Orí Ògiri. Ó ń jẹ́. Kí oyé tó dé, tẹ̀tẹ̀ ti yọ lókè, ṣọkọ ti bo àárín, ata wẹ́wẹ́ ti ń pọ́n ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ẹ̀fọ́ wọ́n lọ́jà, tí èyí tó sì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ti rọ kó tó dé, ilé náà ń já ẹ̀fọ́ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tí ó ya Bùsírátù lẹ́nu jù ni yàrá ìyáálé rẹ̀. Ewé ti bo ògiri, oòrùn ò rí ara rẹ̀ yan mọ́, òrí sì ń dì nínú ìgò lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, omi tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè mọ́ débi pé ènìyàn rí ìsàlẹ̀ gọ́tà.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyẹn tí Àlàájì Ṣéhù fi ránṣẹ́ pè é.

"Ìyá Mọ́ṣúdù," ló wí, "ọjà ti pọ̀ jù fún yàrá ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ gé òkè ẹ̀yìnkùlé yẹn, kí n tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, kí n da sìmẹ́ǹtì sí i, kí n kọ́ sítọ́ọ̀. Kó àwọn igi rẹ kúrò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Sìlífátù wà lórí ìkúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti dáhùn. "Àlàájì, ẹ má bínú. Mi ò ní kó o."

Láti ọdún tó ti wọ ilé náà, kò sí ìyàwó kan tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní kó o, sà. Gbòǹgbò koríko yẹn ló so òkè mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gé e, òkè á wọlé wá bá wa. Ilẹ̀ tí ẹ bá sì fi sìmẹ́ǹtì bò, níbo lẹ fẹ́ kí omi ó wọ̀ sí?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ilé kíkọ́? Èmi tí mo kọ́ ilé méjì sí Òkè-Ìlèwó?"

"Ẹ mọ ilé, Àlàájì. Ilẹ̀ lèmi mọ̀."

Ó dìde, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó jáde.

Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wolé-wolé fi dé. Ìgbà ìjọba ológun ni, wọ́n ti ní kí gbogbo ìlú mọ́ tónítóní, kò sì sí ẹni tí kì í bẹ̀rù aṣọ kakí. Olújìmí lorúkọ èyí tó ṣáájú wọn, ọ̀dọ́kùnrin tó fi bírò há etí. Ó wo ògiri láti òkè délẹ̀.

"Màmá, igbó leléyìí. Ẹ̀sùn ti dé ọ́fíìsì wa pé ẹ̀ ń sin ẹ̀fọn fún àdúgbò."

"Ta ló fẹ̀sùn kàn mí?"

Ojú Olújìmí sáré lọ sí fèrèsé Àlàájì, ó sì sáré padà sórí ìwé. Sìlífátù rí i. Ó dùn ún ju ìwé ìdádúró lọ.

"Ọmọ mi," ló wí, "ṣé o mọ tanwíji?"

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá."

"Ó dáa. Omi tó dá rogún ni tanwíji ń gbé, kì í gbé inú iyẹ̀pẹ̀. Wá ẹyọ kan ṣoṣo fún mi níbí, màá sì fi ọwọ́ ara mi fa gbogbo rẹ̀ tu lójú rẹ."

Olújìmí ti ìka bọ ọparun kan, méjì, mẹ́ta. Iyẹ̀pẹ̀ tútù nìkan ló bá. Ó ṣí aṣọ ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ó tẹjú mọ́ omi, ó tún dé e padà. Ojú tì í díẹ̀. Síbẹ̀ ó ya ìwé kan lé e lọ́wọ́. "Wọ́n rán mi ni, Màmá. Ọjọ́ méje lẹ ní."

Ọjọ́ méje pé, Sìlífátù kò fa ewé kan tu. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ tí wọ́n pè é sí kóòtù, ó wọ aṣọ tó wọ lọ́jọ́ ìkómọjáde Mọ́ṣúdù. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀: ẹni tí gọ́tà rẹ̀ dí, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ̀ sójú títì. Gbogbo wọn ní àwọn jẹ̀bi, kí adájọ́ ṣàánú. Ó kan Sìlífátù.

"Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

"Mi ò jẹ̀bi, Olúwa mi."

Adájọ́ gbé ojú sókè. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú èyí. "Wọ́n ní o gbin igbó sára ilé láàárín ìlú."

"Ẹ̀fọ́ ni mo gbìn. Olúwa mi, ìdọ̀tí tí wolé-wolé ń wá kiri ni mo sọ di iyẹ̀pẹ̀. Omi tó ń dá rogún ní gọ́tà ni mo ń fún ewé mu. Òkè tó ń ya lu ilé wa ni mo so mọ́lẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìdọ̀tí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ìmọ́tótó jẹ́ fún mi kí n mọ̀ ọ́n."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, akọ̀wé ní kí wọ́n dákẹ́. Adájọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ìwé òfin wà níwájú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń dúró. Ó ní kó san owó ìtanràn kó sì tú ọgbà náà, àbí kó lọ fi ẹ̀wọ̀n ọjọ́ márùn-ún jura. Bùsírátù, tó bá a wá, ti ń tú etí ìró rẹ̀ kó lè mú owó jáde. Sìlífátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí o bá san án, o ti bá mi gbà pé mo jẹ̀bi nìyẹn."

"Ìyáálé mi, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wí o!"

"Mo gbọ́. Bá mi fún ṣọkọ lómi. Díẹ̀díẹ̀ ni o, kò fẹ́ àpọ̀jù."

Wọ́n mú un lọ.

Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe eré fún obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń sùn. Àwọn obìnrin tó bá níbẹ̀ ń bi í ohun tó ṣe, ó ní ẹ̀fọ́ lòun gbìn, wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó rò ó pé opó ni òun, yàrá kan ṣoṣo lòun ní láyé, bí Àlàájì bá sì sọ pé kí òun jáde, Kàdúná jìnnà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá ti délé, òun á tú u, kí ara ó lè rọ gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀. Láti ojú fèrèsé kékeré, ó rí àgbàlá ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá títí tí kò fi ku ewé kan, bí omi ti ń ha á, tó ń kó o lọ ní pupa. Inú bí i. Ìbínú náà sì dá a lójú ju ẹ̀rù lọ. Kò ronú àtitú ohunkóhun mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó ń bọ̀ nílé, ó ya wọ ọ̀nà tóóró tó lọ sí ilé wọn. Níwájú ilé àkọ́kọ́, ó rí ọparun kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ògiri. Tẹ̀tẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun. Ní ilé kejì, ọparun méjì, ṣọkọ àti ata. Ní ilé kẹta, ọparun kan lókè, agolo mílíìkì bí i méje nísàlẹ̀ rẹ̀, gbúre sì ń yọjú nínú wọn. Àwọn obìnrin jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu!" wọ́n sì ń wo ojú rẹ̀. Ó kí wọn, ó sì mú ẹsẹ̀ yá.

Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ògiri ti wà ní ìhòòhò. Wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ti fa koríko ọba tu, wọ́n wọ́ ọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ lókè. Òkè náà dúró pupa fòò bí egbò.

Bùsírátù sáré jáde, ó wólẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. "Ìyáálé mi, ọjọ́ tí wọ́n mú yín lọ gan-an ni Àlàájì ní àwọn lébìrà ń bọ̀ lọ́la. A ò lè bá a jà. Mo wá pe àwọn obìnrin àdúgbò. Mo ní kí kálukú wá gbé ọparun kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ìkankan tó bàjẹ́, gbogbo ọparun ara ògiri ló wà. Ti òkè nìkan ni a ò rí gbé."

Sìlífátù fa ìyàwó náà dìde. "Ṣé o fún ṣọkọ lómi?"

"Díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe wí."

"O ṣeun. Bá mi mú ẹní mi wá."

Ó tẹ́ ẹní náà sínú ibi tí wọ́n gé gan-an, níbi tí wọ́n fẹ́ da sìmẹ́ǹtì sí, ó sì jókòó lé e. Nígbà tí àwọn lébìrà dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ, kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé òun lórí. Àgbà inú wọn wò ó títí, ó fi ṣọ́bìrì rẹ̀ lélẹ̀. Ó ní òun ní ìyá nílé, òun ò lè ṣe é. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Àlàájì Ṣéhù jáde wá tìbínú-tìbínú. "Sìlífátù! Ṣé o fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́yà nínú ìlú ni? Nínú ilé bàbá mi?"

"Àlàájì, mi ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ kí n to òkúta padà kí òjò tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè ní kí n jáde nínú ilé."

"Mi ò gbà!"

"Nígbà náà, ibí lẹ ó máa bá mi."

Ọjọ́ méjì ló fi ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òkúta díẹ̀díẹ̀, ó ń ri gbòǹgbò koríko padà sínú ilẹ̀. Iṣẹ́ náà ju agbára ènìyàn kan lọ. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ojú ọ̀run dúdú. Bùsírátù fà á wọlé tipátipá. Òjò náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó le ju èyí tó ti rọ̀ ṣáájú lọ. Wọ́n gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n da ọkọ̀ yanrìn. Òkè ti ya. Ẹrẹ̀ àti òkúta wọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ wọlé, ó sì ń ga sí i láàárín ìdì aṣọ Àlàájì. Ibi tí Sìlífátù ti to òkúta padà dúró. Ibi tó kù ló lọ.

Kò sí ẹni tó fara pa. Àlàájì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sìlífátù ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó gbé ìdì aṣọ kan lé orí, ó sì ké sí àwọn yòókù. Àwọn obìnrin àdúgbò tò láti yàrá náà títí dé iwájú ilé, wọ́n ń gbé ìdì aṣọ láti ọwọ́ sí ọwọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún Àlàájì pé a wí fún ọ. Òun náà wọ inú yàrá, ó ń bá wọn gbé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni Olújìmí padà wá, ó mú ìwé púpọ̀ dání. Ìròyìn ti dé ọ́fíìsì wọn pé igbó orí ògiri ti ran gbogbo àdúgbò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tóóró náà, ó ka ilé mẹ́tàlélógún. Obìnrin kọ̀ọ̀kan jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọparun tirẹ̀.

"Kọ orúkọ mi," ni ẹni àkọ́kọ́ wí.

"Tèmi náà nìyí. Kọ ọ́ dáadáa, kó o má ṣàṣìṣe."

"Èmi ní mẹ́ta. Ṣé ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa fún mi?"

Bùsírátù rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yẹ̀. Olújìmí ń nu òógùn. Ó ti ìka bọ ọparun kan, ó tún ti ìka bọ òmíràn. Nígbà tó dé ilé Àlàájì, ó rí ọparun tuntun mẹ́rin lára ògiri iwájú, níbi tí gbogbo ìlú á ti rí i.

"Ta ló ni ògiri yìí?" ló béèrè, ó ń wo Sìlífátù.

Àlàájì Ṣéhù wúkọ́. Gbogbo ọ̀nà náà dákẹ́. "Èmi ni mo ni ín," ló wí. "Kọ orúkọ mi. Ẹ̀sùn tí mo mú wá sí ọ́fíìsì yín níjọ́sí, mo ti gbé e padà. Ìwọ náà sì lọ wá tanwíji síbi tó bá wà."

Olújìmí ká ìwé rẹ̀ sí méjì, ó ti bírò bọ àpò, ó kí àwọn àgbà pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Kò sí ẹni tó pè wọ́n sí kóòtù mọ́.

Àlàájì kò tọrọ àforíjì, Sìlífátù kò sì retí rẹ̀. Ẹ̀dùn ọjọ́ tí ojú wolé-wolé sáré lọ sí fèrèsé Àlàájì kò tíì kúrò nínú rẹ̀, kò sì díbọ́n pé ó ti kúrò. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Fájẹ́misìn já ọparun sílẹ̀ fún òkè ẹ̀yìnkùlé, Àlàájì ló fi owó ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń to òkúta, ó jáde wá dúró, ó ń wò wọ́n, ó pa ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n máa ń gbé ọwọ́ sí.

"Àlàájì," ni Sìlífátù wí láìgbé ojú sókè, "ẹ bá mi di orí ọparun yìí mú."

Ó ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó dì í mú.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ó tún kù. Ó dáa, ẹ má jẹ́ kó mì."